"Bá Mi Wá Ibi Tó Jọ Ibí": Bí Máàpù Ṣe Kọ́ Ìfiwéra

  

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ká ní ẹnì kan gbé owó lé yín lọ́wọ́, ó ní kí ẹ lọ wá ilẹ̀ tí kòkó yóò ti ṣe dáadáa, ibi tó jọ oko bàbá yín ní Oǹdó, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe Oǹdó. Báwo lẹ ṣe máa wá a? Àgbẹ̀ àtijọ́ mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò wọ igbó, yóò wo àwọn igi tó hù níbẹ̀, yóò bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ìka rún un, yóò béèrè lọ́wọ́ ará ibẹ̀ bí òjò ṣe máa ń rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé, "Ibí yìí jọ tiwa." Ó ti ní àpẹẹrẹ kan lọ́kàn kó tó kúrò nílé, ìkejì rẹ̀ ló ń wá kiri.

Ìtàn bí iṣẹ́ àgbẹ̀ yẹn ṣe bọ́ sọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ. Yóò gba Kẹ́ńyà kọjá, yóò dé Kánádà, yóò sì bá wa dé ẹnu ọ̀nà àwọn ilé kan ní Kano àti Borno, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọdé: ọmọ tí yóò rìn àti ọmọ tí kò ní rìn.

Kí n tó dé Kẹ́ńyà, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọkùnrin kan, Wladimir Köppen. Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí, Jámánì ló ti ṣiṣẹ́. Ní 1884 ó ya máàpù tó pín ayé gẹ́gẹ́ bí ooru àti òtútù ṣe rí níbì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 1900, ó tún un ṣe, ó wá ń fi irú igi àti koríko tó ń hù níbì kan mọ irú ojú ọjọ́ ibẹ̀, bíi ti àgbẹ̀ wa yẹn gan-an. Lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀, Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, apá kan California ní Amẹ́ríkà, àti etíkun Ítálì bọ́ sí ìdílé kan náà: òjò lásìkò òtútù, ọ̀gbẹlẹ̀ lásìkò ooru. Wọn kì í ṣe aládùúgbò rárá, òkun ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Abájọ tí àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì fi ń so dáadáa ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti orí ni Köppen fi ṣe é, ohun tó sì wò kò ju ooru àti òjò lọ. Tí nǹkan tí ẹ fẹ́ wò bá pọ̀ ju méjì lọ ńkọ́?

Ibẹ̀ ni Roger Tomlinson ti wọlé. Ọmọ ìlú Cambridge ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, 1933 ni wọ́n bí i, ó ti wa bàálù ológun rí kó tó lọ tẹ̀dó sí Kánádà. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Spartan Air Services ní Ottawa ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàálù ni wọ́n fi ń ya fọ́tò ilẹ̀ láti òkè. Ní nǹkan bí 1960, iṣẹ́ kan dé láti Kẹ́ńyà. Wọ́n fẹ́ gbin igi tí wọn yóò fi ṣe pépà, wọ́n sì ń wá ibi tó dára jù lọ láti gbin ín. Ẹ wo bí ìbéèrè yẹn ṣe rí: ilẹ̀ tí kò dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ jù, tí òjò ibẹ̀ tó, tí erùpẹ̀ ibẹ̀ lè gbé igi, tí ọkọ̀ sì lè dé. Máàpù wà fún ìkọ̀ọ̀kan nǹkan wọ̀nyí. Pípapọ̀ wọn ni ogun.

Ọgbọ́n tó wà nígbà náà nìyí. Ẹ ó ya máàpù kọ̀ọ̀kan sórí ọ̀rá tí ojú ń là kọjá. Lórí ti òjò, ẹ ó kun ibi tí òjò kò tó ní dúdú. Lórí ti gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ ó kun ibi tó ga jù ní dúdú. Ẹ ó wá tò wọ́n léra wọn lórí tábìlì onígíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti là á já láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ibẹ̀ lẹ ń wá. Ian McHarg ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìwé tó kọ ní 1969, ó sì lẹ́wà lójú. Àmọ́ ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rá mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ á dúdú bí alẹ́. Tí ẹ bá sì rí ibi tó mọ́lẹ̀ tán, tí ọ̀gá ní kí ẹ sọ bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ ó máa ka àmì tóótòòtó lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú yóò fi ro yín.

Tomlinson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò iye tí iṣẹ́ Kẹ́ńyà yóò ná wọn tí wọ́n bá fi ọwọ́ ṣe é. Owó náà pọ̀ débi pé iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣeé ṣe. Ó dùn mí diẹ̀ pé ibẹ̀ yẹn, lórí ilẹ̀ Áfíríkà, ni èrò náà ti sọ sí i lọ́kàn, tí àǹfààní rẹ̀ sì kọ́kọ́ lọ síbòmíràn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí máàpù bá lè di nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà ni kó máa bá wọn to ọ̀rá léra.

Ní 1962, ó wọ bàálù kan, ó jókòó ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lee Pratt. Òṣìṣẹ́ ìjọba Kánádà ni Pratt, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́ pa á. Ìjọba ti ṣe òfin kan ní 1961 nítorí àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ wọn ti ṣá; wọ́n fẹ́ mọ ilẹ̀ wo ló yẹ fún oko, èwo ló yẹ fún igbó, èwo ló yẹ fún ẹran ìgbẹ́, èwo ló yẹ fún ìgbafẹ́. Fún oko nìkan, ìpele 7 ni wọ́n pín ilẹ̀ sí, 1 ni èyí tó dára jù, 7 ni èyí tí kò wúlò rárá. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wò ju mílíọ̀nù 2 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Ìṣirò fi hàn pé tí wọ́n bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe é, yóò gba òṣìṣẹ́ tó ju 500 lọ fún ọdún 3, gbogbo Kánádà kò sì ní irú òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìjókòó bàálù máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì ju ìpàdé ọ́fíìsì lọ.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará IBM bá wọn ṣe ẹ̀rọ kan tó ń yí bí ìlù, wọn á wé máàpù mọ́ ọn lára, ẹ̀rọ á máa ka ìlà orí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìṣòro kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Orí téèpù ni kọ̀ǹpútà ìgbà náà ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí. Àwọn tó lo kásẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ pé kí o tó dé orin ìparí, àfi kí o yí i gba gbogbo orin tó ṣáájú. Máàpù ní gígùn àti ìbú. Téèpù kò ní ju gígùn lọ. Tí o bá to ilẹ̀ sórí téèpù láti òsì lọ sí ọ̀tún, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, oko tó wà ní ìsàlẹ̀ oko rẹ gan-an lè wà ní apá kejì téèpù. Ní 1966, ọkùnrin kan ní IBM, Guy Morton, ta ọgbọ́n sí i. Dípò kó máa ka ilẹ̀ bí ẹni ka ilé ní títì, ó kà á bí ẹni ka yàrá nínú agbo ilé: mẹ́rin níbí, kó tó bọ́ sí mẹ́rin tọ̀hún, kó tó bọ́ sí agbo ilé tó kàn. Àwọn tó jẹ́ aládùúgbò lórí ilẹ̀ á tipa bẹ́ẹ̀ sún mọ́ra lórí téèpù pẹ̀lú. Ọgbọ́n yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà títí di òní.

Ní 1968 Tomlinson fún ohun tí wọ́n ṣe lórúkọ nínú ìwé kan tó kọ: geographic information system. Òun ni gbogbo ayé ń pè ní GIS báyìí. Ohun tó ń ṣe kò nira láti yé ni. Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ tí a gé sí wẹ́wẹ́ bí ìwé ìṣirò onílà. Wóró kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà òjò tirẹ̀, nọ́ńbà erùpẹ̀ tirẹ̀, nọ́ńbà bó ṣe jìnnà sí títì tó. Ẹ ó tọ́ka sí ibi kan tí ẹ ti mọ̀, ẹ ó ní, "Bá mi wá gbogbo ibi tí nọ́ńbà wọn fẹ́ dà bíi ti ibí." Ó tán. Ohun tí àgbẹ̀ ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyanu ẹ̀rọ gbé yín lọ. Kọ̀ǹpútà Kánádà kò mọ ilẹ̀ tó dára. Àwọn onímọ̀ erùpẹ̀ tó ti gbẹ́ ilẹ̀ kiri ló sọ fún un. Ohun tí wọn kò bá sì fún un, kò lè wá a. Oko, igbó, ẹran ìgbẹ́, ìgbafẹ́ ni wọ́n wò. Kò sí ìpele kankan fún ilẹ̀ tí baba ńlá àwọn onílẹ̀ sùn sí, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí Kánádà tó ní orúkọ.

Mo ń sáré kọjá ibí báyìí. Ní 1972 Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ lọ sókè, ó ń ya fọ́tò ilẹ̀ ayé. Ní 2002 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí QGIS, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2005 Google Earth jáde, gbogbo wa sì kọ́kọ́ fi wá ilé ara wa. Ní 2008 àwọn fọ́tò Landsat di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ohun tí owó rẹ̀ lé Tomlinson padà ní Kẹ́ńyà ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí iná bá wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé.

Ní 2012, ọmọ 223 ni kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti inú igbó mú ní gbogbo ayé. Nínú wọn, 122 ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òkè ọya sì ni ibùba àrùn náà. Ẹ ó rántí pé ní 2003 àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, Kano nínú wọn, dá àjẹsára náà dúró nítorí ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà gbé àrùn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Nígbà tó fi máa di 2012, àwọn ìyá tó ń gba oògùn náà ti pọ̀. Ohun mìíràn ló wá kù, tí ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: ọ̀pọ̀ abúlé ni kò sí lórí máàpù tí àwọn tó ń kán oògùn ń lò.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ya máàpù wọn. Ẹni tó mọ àdúgbò á mú kádíbọ́ọ̀dù, á ya títì, á ya mọ́sálásí, á ya odò, á kọ orúkọ abúlé tó bá rántí. Abúlé tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń gbé kò ní bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n abúlé tó wà ní ààlà ìjọba ìbílẹ̀ méjì ńkọ́? Àwọn ti òsì rò pé ti ọ̀tún ni, àwọn ti ọ̀tún rò pé ti òsì ni. Gáà Fúlàní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóṣù tó kọjá ńkọ́? Oògùn á lọ, á bọ̀, ọdún dé ọdún, ìwé á fi hàn pé wọ́n ti kárí ibi gbogbo, àwọn ọmọ kan náà ni wọn yóò sì máa fò.

Ìjọba àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ wá lọ sí orí fọ́tò sátẹ́láìtì. Wọ́n fi ibi tí ènìyàn ń gbé han kọ̀ǹpútà, òrùlé rẹ̀, ipa ọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní, "Wá irú èyí." Ó pín ohun tó rí sí mẹ́ta: ìlú tí ilé há mọ́ra, ibi tí ilé ti pọ̀ díẹ̀, àti abúlé kéékèèké tí ilé ibẹ̀ kò ju péú lọ. Ọ̀wọ́ kẹta yìí ni ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Orí kádíbọ́ọ̀dù, igbó lásán ni. Nínú fọ́tò, òrùlé wà níbẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ. Ènìyàn ló gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, tó kí baálẹ̀, tó béèrè pé kí ni wọ́n ń pe ibí.

Wọ́n tún fi fóònù Android sínú àpò àwọn tó ń kán oògùn. Ibi tí wọ́n bá rìn dé, fóònù á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé ìrìn ọjọ́ náà lé orí máàpù, abúlé tí ẹsẹ̀ kò dé á hàn. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀, òun náà á hàn. Ní 2013, iye ọmọ tí kòkòrò ti inú igbó náà mú ní Nàìjíríà wá sí 53. Ní 2014, ó di 6. Máàpù nìkan kọ́ ló ṣe é o. Àwọn imam, àwọn ìyá, àwọn tó fi oòrùn àti ìbọn wewu ló ṣe é. Ẹ má sì gbàgbé pé ní oṣù keje 2014 tí Ebola wọ Èkó, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n pè kíákíá láti wá ẹni tó fara kan aláìsàn. Ènìyàn 20 ló mú, 8 kú. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó nígbà náà mọ̀ pé ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2015 wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ti fi ṣe ilé. A yọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2016, ó tún yọjú ní Borno.

Borno ló kọ́ máàpù lẹ́kọ̀ọ́. Ogun Boko Haram ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé, àwọn mìíràn sì há sínú abúlé tí nọ́ọ̀sì kò lè dé. Wíwá òrùlé kò tó mọ́. Abúlé tí wọ́n ti sá kúrò níbẹ̀ jọ abúlé láti òkè: ògiri wà, àgbàlá wà, ọ̀nà wà. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà wá ibi tó jọ abúlé, á kó òkú abúlé àti alààyè fún yín pọ̀. Kí nìdí tí ó fi ṣe pàtàkì? Nítorí àwọn ọmọ ogun ló máa gbé oògùn dé ibòmíràn. Ẹ kò lè rán ènìyàn gba ọ̀nà tí bọ́ǹbù wà lábẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé òfìfo. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè kọ abúlé kan sílẹ̀ pé ó ti tú, kí ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ní láti yí àpẹẹrẹ padà. Wọ́n gbé fọ́tò ìgbà kan lé ti ìgbà mìíràn, wọ́n ń wo ohun tó ń fi ẹ̀mí hàn. Ṣé òrùlé koríko ṣì wà, àbí iná ti jó o? Ṣé koríko ti bo àgbàlá, àbí ẹsẹ̀ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ṣé wọ́n dá oko lọ́dún yìí? Mo rò ó títí: ohun tó kọ́kọ́ ń wá nínú fọ́tò ni ilé. Ohun tó wá ń wá báyìí ni ìlò. Ẹ̀rù ìmọ̀ yẹn sì ń bà mí díẹ̀, nítorí fọ́tò tó fi ọmọ han ẹni tó gbé oògùn lè fi ọmọ kan náà han ẹni tó gbé ìbọn.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 2016 ni kòkòrò ti inú igbó náà mú ọmọ tó gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti inú igbó kò sí mọ́ ní agbègbè Áfíríkà tí àjọ WHO ń bójú tó. Kòfíìdì ló gba gbogbo ìròyìn lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ wa kò tilẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí mo ń múra ètò yìí, mo ṣí ọ̀kan lára àwọn máàpù ọ̀fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti fi àmì sí ilé gbogbo, mo wá abà tí wọ́n bí ìyá bàbá mi sí. Ilé mẹ́ta ló fi àmì sí. Mo ya àwòrán ojú fóònù mi, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó ṣì ń dáko níbẹ̀. Ó fi ohùn dá mi lóhùn lórí WhatsApp. Ó ní ilé kejì yẹn ti wó láti bí ọdún mẹ́fà, ògiri ló kù, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn sínú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ̀yin wá ń sùn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé àwọn wà lábẹ́ igi kòkó, lápá òsì, níbi tí mo rí tó kàn dúdú yẹn. Ó ní kí n kí àwọn ọmọ.